Èwo Ni A Ó Kọ́kọ́ Ṣe? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìṣirò Ojoojúmọ́ àti Àlọ́ Ìṣirò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

   

Ìṣirò ni iṣẹ́ tí àwọn olóòtú gbé lé wa lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kan àáfáà nínú ìṣirò, ṣebí iṣẹ́ tíṣà iléèwé ìjọba ni. Ìdáhùn wa ni pé nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ sí wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, èkejì ní pálọ̀ ilé òkú. A ó sọ méjèèjì fún yín bí wọ́n ti rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì kò pọ́n wa lé.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, a ti kí ìrun Aláásárì tán, a jókòó, à ń dúró de Mọ̀gàríbì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi mẹ́fà kórí jọ sídìí fóònù kan. Kò pẹ́ tí ohùn wọn fi ròkè. Ọ̀kan ní 16 ni, èkejì fi Ọlọ́hun búra pé 1 ni, ẹ̀kẹta ní àwọn méjèèjì kò mọ̀wé. Ládàánì wa sáré jáde, ó rò pé ìjà owó ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbé fóònù náà tọ̀ wá wá pé, "Àáfáà, ẹ bá wa dá a." Ohun tí a bá lójú fóònù náà nìyí:

8 ÷ 2(2 + 2) = ?

Wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọlọ́pọlọ pípé nìkan ló lè gbà á.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2011, irú rẹ̀ kan, 6 ÷ 2(1 + 2), ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí àwọn ọmọ wa mú wá yìí gan-an ni ó gba orí Twitter kan ní ìparí oṣù keje ọdún 2019, títí Steven Strogatz, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, fi kọ àlàyé lé e lórí nínú ìwé ìròyìn New York Times. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti lọ, yóò tún padà bọ̀ lórí WhatsApp bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é. Gbogbo wa gbà pé ohun tó wà nínú àkámọ́ ni a ó kọ́kọ́ ṣe: 2 àti 2 jẹ́ 4. Ó wá ku 8 ÷ 2(4). Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹni tó bá ń lọ láti òsì sí ọ̀tún yóò kọ́kọ́ pín 8 sí méjì, yóò bá 4, 4 lọ́nà mẹ́rin yóò sì fún un ní 16. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó pé 2 tó lẹ̀ mọ́ àkámọ́ ti di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ sọ 2 àti 4 yẹn di 8, yóò wá pín 8 sí ọ̀nà mẹ́jọ, yóò sì bá 1. Àwọn tó lọ iléèwé ìjọba á ní BODMAS ni yóò parí ìjà náà. Kò parí rẹ̀, nítorí bí tíṣà kan ti ṣàlàyé lẹ́tà O inú rẹ̀ yàtọ̀ sí bí tíṣà mìíràn ti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò gan-an kò fohùn ṣọ̀kan: òmíràn á fún yín ní 16, òmíràn á fún yín ní 1, bí àwọn tó ṣe é bá ti tò ó ni yóò ṣe dáhùn.

Ìdájọ́ tí a dá fún wọn ni pé nínú gbogbo wọn, kò sí òpè. Ẹni tó kọ ìbéèrè ló jẹ̀bi. Bí a bá kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, tí a wá ní kí ènìyàn mẹ́rin kà á, ọ̀kan lè kà á sí igba owó, èkejì sí igbá ọbẹ̀, ẹ̀kẹta sí ìgbà òjò, ẹ̀kẹrin sí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ṣé a ó wá ní àwọn mẹ́ta kò gbọ́ Yorùbá? Ẹni tó fẹ́ kí a dé 16 yóò kọ (8 ÷ 2) × (2 + 2). Ẹni tó fẹ́ kí a dé 1 yóò kọ 8 ÷ (2 × (2 + 2)). Àkámọ́ kan ṣoṣo ni ó dá gbogbo ariwo náà sílẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò ni.

A fẹ́ fi ẹ̀rín kan kún un. Nígbà tí a kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ Ìbtidáì wa lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan kà á láti ọ̀tún wá sí òsì bí a ti ń ka kéú. Ó ní 2 àti 2 jẹ́ 4, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 2, ó jẹ́ 8, ó fi 8 pín in, ó kù 1. A kò mọ bí a ó ti bá a wí. Ọ̀nà tí a kọ́ ọ ló tọ̀.

Oríṣi mìíràn tún wà, èyí tí wọ́n ń ya èso sí: ápù mẹ́ta jẹ́ 30, ápù kan pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ 18, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlà ìkẹyìn, wọn á ti já ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kúrò lára odidi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, kì í ṣe ìṣirò. A kò ní kí àwọn ọmọ má ṣe é. Ó sàn ju òfófó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á kò tíì di onímọ̀ ìṣirò, ẹni tó bá ṣì í kò sì di òmùgọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ "ọlọ́pọlọ pípé nìkan" sí i ni pé wọ́n fẹ́ kí inú bí wa, kí a fèsì, kí a sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan dúró sí wa lọ́kàn nínú gbogbo rẹ̀ ṣá. Ọmọ tó ní 16 mọ ìṣirò, ọmọ tó ní 1 mọ̀ ọ́n. Èwo ni a ó kọ́kọ́ ṣe ni wọn kò fi ẹnu kò lé lórí. Bí a bá ṣi èyí lójú fóònù, kò sẹ́ni tí yóò fi ebi sùn. A kò mọ̀ pé kò ní tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwa náà yóò ṣi irú rẹ̀ níbi tí owó wà.

Ìdá mẹ́fà nínú kí ni?

Ọ̀kan nínú jàmáà wa ni ó kú, kí Ọlọ́hun fi orí jìn ín. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, àti ìyá rẹ̀, àti ọmọkùnrin kan, àti ọmọbìnrin méjì. Bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n bá nílé àti nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ ₦1,140,000. Ìnáwó ìsìnkú àti gbèsè jẹ́ ₦180,000, a sì ka sàdáàkì ìyàwó rẹ̀ tí kò san tán mọ́ ọn. (Ẹ̀yin ọkọ, sàdáàkì tí ẹ kò tíì san, gbèsè ni, ikú kì í pa á rẹ́.) Kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá ku ₦960,000 láti pín.

Àwa ni wọ́n ní kí a pín in. Ìwé fàráídì, ìyẹn ìmọ̀ pínpín ogún, wà lára ohun tí a kà lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ wa fún ọdún púpọ̀, a sì ń kọ́ ọmọ ní i. A mú bírò. Ìyàwó gba ìdá mẹ́jọ nítorí pé ọmọ wà: ìdá mẹ́jọ ₦960,000 jẹ́ ₦120,000. A yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦840,000. Ìyá gba ìdá mẹ́fà: a pín ₦840,000 sí mẹ́fà, ó jẹ́ ₦140,000. Ó ku ₦700,000, a pín in fún àwọn ọmọ kí ọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti obìnrin: ọmọkùnrin ₦350,000, àwọn ọmọbìnrin ₦175,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ olóògbé fi fóònù rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó bá ₦960,000 géérégé. Kò ṣẹ́ kù, kò lé. Gbogbo ilé ṣe àmín.

Àfi ìyá àgbà. Ìyá yìí ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, epo pupa ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tà, kò mọ lẹ́tà kan nínú ti Yorùbá tàbí ti Lárúbáwá ju èyí tí ó fi ń kírun lọ. Ó ti ń fi àtàǹpàkò rin ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ bọ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, a rò pé àsíkírì ni ó ń ṣe. Ó ní:

"Àáfáà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ní ìdá mẹ́fà ni tèmi. Bí ènìyàn mẹ́fà bá fẹ́ pín òjìdínlẹ́gbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún ni wọn ó kọ́kọ́ mú, ó di ẹgbẹ̀ta. Ó ku òjìdínnírinwó. Ọgọ́ta ọgọ́ta tún kàn wọ́n, ó tán. Ọgọ́jọ ni. Kí ló dé tí tèmi fi jẹ́ ogóje?"

A fẹ́ dá a lóhùn pé, "Ìyá, a ti yọ ti ìyàwó kúrò ná." Ọ̀rọ̀ náà dé ètè wa, ó sì dúró. Ta ni ó ní kí a yọ ti ìyàwó kúrò ná? Nínú Súúrátù An-Nisā’, āyà 11 àti 12, ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni Ọlọ́hun ní kí a ti yọ ìdá mẹ́fà ìyá, ohun kan náà ni Ó ní kí a ti yọ ìdá mẹ́jọ ìyàwó, lẹ́yìn gbèsè àti àsọtẹ́lẹ̀. Gbèsè ni ó ṣáájú ogún. Nínú ogún fúnra rẹ̀, ìyàwó kò ṣáájú ìyá. Inú odidi kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gbà. Àwọn ọmọ ni ó gba ìyókù.

Inú wa kò dùn lójú ẹsẹ̀, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n a fa bírò gba orí ìwé náà, a tún un ṣe lójú gbogbo wọn. Ìyàwó ₦120,000. Ìyá ₦160,000. Àpapọ̀ méjèèjì ₦280,000, ó ku ₦680,000. A pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ọmọkùnrin mú méjì, ₦340,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ₦170,000. Bí àwọn ọmọ fàráídì bá fẹ́ rí i lọ́nà ti ìwé, láti inú 24 ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ìyàwó 3, ìyá 4, ìyókù 17. 17 kò ṣeé pín sí mẹ́rin láìfọ́, nítorí náà a sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 96: ìyàwó 12, ìyá 16, ọmọkùnrin 34, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 17.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe wa ì bá ṣe. ₦20,000 ì bá kúrò lọ́wọ́ arúgbó tó sin ọmọ rẹ̀, ì bá sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìsí olè níbẹ̀. Àpapọ̀ tó pé géérégé ni ó tàn wá jẹ. Fóònù pàápàá jẹ́rìí sí wa, nítorí pé fóònù máa ń ro ohun tí a bá ní kí ó rò ni. Láti ọjọ́ náà, a kì í fọwọ́ sí ìwé ogún mọ́ àfi kí àáfáà mìíràn tún un ṣe lọ́tọ̀ láìwo tiwa.

Ìṣirò àwọn tí kò mọ̀wé

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí bí ìyá náà ti ṣe tirẹ̀. Kò pín 960 sí 6 bí a ti ń ṣe é nínú ìwé. Ó fún àwọn ènìyàn ní owó lọ́wọ́, ó wo ohun tó kù, ó tún fún wọn. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ọjà rí mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìran tirẹ̀ sì ti kọ́ ju èyí lọ. Nígbà tí wọ́n ń ná pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Àwọn ìyálọ́jà sì ń fi orí ro èrè epo garawa mẹ́tàdínlógún nínú owó tí kò lọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, tí ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ìyípadà náà kò dá ọjà dúró. Títí di òní, a ṣì ń gbọ́ kí àgbàlagbà pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì.

Èdè wa fúnra rẹ̀ kún fún ìṣirò. Ẹ mú 45. Gẹ̀ẹ́sì yóò ka ogójì kó tó ka márùn-ún. Lárúbáwá yóò ka márùn-ún kó tó ka ogójì. Yorùbá yóò ní márùndínláàádọ́ta: ó ti dé àádọ́ta ná kó tó padà yọ márùn-ún. Àádọ́ta náà, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni; ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ọmọ tó bá lè pe márùndínláàádọ́ta tó sì mọ ohun tó ń pè ti ṣe ìlọ́po kan àti ìyọkúrò méjì. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè kà kọjá ogún mọ́ láìbọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí, ilé ni èyí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ìṣirò orí fi ń ju ti orí ìwé lọ. Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, tẹ ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife ní ilẹ̀ Brazil. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ márùn-ún tó ń bá òbí wọn tajà ní ìgboro, láti ọmọ ọdún 9 dé 15, wọ́n ra àgbọn àti èso lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bi wọ́n ní iye owó àti ṣéńjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, bí a bá fi ojú ọgọ́rùn-ún wò ó, àwọn ọmọ náà gba 98.2. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù: níbi tí wọ́n ti fi ìtàn gbé e kalẹ̀, wọ́n gba 73.7, níbi tó jẹ́ nọ́ńbà lásán, wọ́n gba 36.8.

Àpẹẹrẹ kan nínú rẹ̀ ni ó wọ̀ wá lára jù. Àgbọn kan jẹ́ kuruséírò 35. Ọmọ ọdún 12 kan ro owó àgbọn mẹ́rin lórí: mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi 30 kún un, ó fi 5 kún un, ó jẹ́ 140. Ó gbà á. Nígbà tí wọ́n ní kó kọ 35 lọ́nà mẹ́rin sórí bébà, ó ní 5 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 20, ó kọ 0, ó gbé 2. Ó fi 2 kún 3, ó di 5, ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó jẹ́ 20. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ ṣe àkíyèsí ibi tó ti ṣì í: ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ 3 di ìlọ́po mẹ́rin kó tó fi 2 tó gbé kún un. Ohun tó yẹ kó ṣe gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe ní ilé òkú. Ní ọjà, kò sí oníbàárà tí yóò san 200 fún àgbọn mẹ́rin kó má pariwo. Bébà kì í pariwo.

Ohun tí ìyá elépo fi bi wá léèrè, ìyẹn "ìdá mẹ́fà nínú kí ni," ni kí ẹ máa fi bi gbogbo owó tó bá kọjá lọ́wọ́ yín. Bí ọjà ₦10,000 bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n, ó di ₦12,000. Bí ó bá tún fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á ní ó ti padà sí ₦10,000. Rárá. ₦9,600 ni, nítorí pé ìdá 20 àkọ́kọ́ ti inú ₦10,000 wá, ti èkejì ti inú ₦12,000 wá.

Tàbí kí a mú owó tí wọ́n ń yá ènìyàn lórí fóònù. Wọ́n ní ₦50,000 ni, èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn á ti yọ ₦7,500 sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, ₦42,500 ni ẹ ó rí. Bí oṣù bá pé, odidi ₦50,000 ni wọ́n ń béèrè. Èlé náà kì í ṣe 15 mọ́, nítorí ₦42,500 ni ẹ jẹ́ ní tòótọ́: ₦7,500 lórí rẹ̀ lé ní 17 nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín oṣù kan péré. Pé èlé jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, ẹ ti gbọ́ ọ lórí mùńbárì títí ó ti sú yín. Ohun tí à ń fi kún un níhìn-ín ni pé iye tí wọ́n pè é fún yín gan-an kì í ṣe iye rẹ̀.

Àṣìṣe kan náà wà nínú sàká. Oníṣòwò kan bá wa sọ̀rọ̀ pé òun ti yọ sàká òun: ojú owó òun jẹ́ mílíọ̀nù 32, èrè òun lọ́dún náà mílíọ̀nù 8, òun sì ti yọ ìdá kan nínú ogójì èrè náà, ₦200,000. Èrè nìkan kọ́ ni a ń yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ojú owó àti èrè, ìyẹn owó tó wà lọ́wọ́ pẹ̀lú ọjà tó wà fún títà, ni a ó rò pọ̀ bí ó bá ti pé òdiwọ̀n, tí ó sì ti lo ọdún òṣùpá kan. Mílíọ̀nù 40 pín sí ogójì jẹ́ mílíọ̀nù kan. ₦800,000 àwọn aláìní ni ó wà nínú àpótí rẹ̀ láìmọ̀. Ó san án, kí Ọlọ́hun bù sí i. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ń ṣòro fún, ẹ pín owó yín sí mẹ́rin, kí ẹ wá pín ohun tí ẹ rí sí mẹ́wàá. Ó parí.

A kò ní gbàgbé àlọ́ ràkúnmí 17 tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún. Bàbá kan kú, ó ní kí àkọ́bí òun mú ìdajì ràkúnmí 17, kí èkejì mú ìdá mẹ́ta, kí ẹ̀kẹta mú ìdá mẹ́sàn-án. Kò ṣeé pín. Ọlọ́gbọ́n kan fi ràkúnmí tirẹ̀ kún un, ó di 18. Wọ́n mú 9, wọ́n mú 6, wọ́n mú 2, ó jẹ́ 17, ọlọ́gbọ́n gba ràkúnmí rẹ̀ padà. Àlọ́ dídùn ni, kò sì sí idán níbẹ̀: ìdajì, ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́sàn-án, bí a bá rò wọ́n pọ̀, 17 nínú 18 ni wọ́n jẹ́, wọn kò pé odidi. Bàbá náà kò pín gbogbo ohun ìní rẹ̀ tán. Àwọn kan máa ń fi orúkọ Sayyidinā ‘Aliyy sí i. Ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ogún wa, dọ́gbadọ́gba ni àwọn ọmọkùnrin ń pín in, bàbá kò sì lè fi àsọtẹ́lẹ̀ bu ti ẹnì kan kún ti ẹnì kejì àfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i.

Èyí tí àwọn olùkọ́ fàráídì ń sọ nípa rẹ̀ jinlẹ̀ ju àlọ́ lọ. Wọ́n ní orí mùńbárì ni ó wà nígbà tí wọ́n bi í nípa ọkùnrin tó fi ìyàwó, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ó sì dáhùn pé ìdá mẹ́jọ ìyàwó ti di ìdá mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ìbéèrè náà ní mimbariyya. Láti inú 24, ìyàwó ní 3, àwọn ọmọbìnrin ní 16, bàbá 4, ìyá 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ìpín ju odidi lọ. Nítorí náà inú 27 ni a ó ti pín in kí àdínkù lè kan gbogbo wọn bákan náà, 3 nínú 27 sì ni ìdá mẹ́sàn-án. ‘Awl ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí àwọn kan kọ́kọ́ mú tiwọn tán, orí ẹni tó bá gbẹ̀yìn nìkan ni gbogbo àdínkù ì bá bọ́ sí.

Irú ìbéèrè báyìí wà lára ohun tí Muhammad ibn Mūsā al-Khwārizmī ní lọ́kàn ní Bàgídáàdì, nígbà ìjọba al-Ma’mūn, láàárín ọdún 813 sí 833, tí ó fi kọ ìwé al-jabr tí ìmọ̀ álíjẹ́bírà gba orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé òun kọ ọ́ nítorí ohun tí ènìyàn nílò nínú ogún, àsọtẹ́lẹ̀, ẹjọ́ àti òwò, apá ńlá nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìṣirò ogún àti àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń sá fún álíjẹ́bírà ní iléèwé ìjọba lówùúrọ̀, tí ẹ wá ń sá fún fàráídì lọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́, ohun kan náà ni ẹ ń sá fún lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ ilé nìyí fún àwọn ọmọ I‘dādī. Obìnrin kan kú, ó fi ọkọ, ìyá, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Owó tó fi sílẹ̀ jẹ́ ₦756,000, ó jẹ gbèsè ₦36,000. Ọkọ gba ìdá mẹ́rin, ìyá gba ìdá mẹ́fà. Ẹ pín in. Kí ẹ tó mú un wá fún wa, ẹ kọ́kọ́ lọ kà á sí etí ìyá yín àgbà.